JÍJÁWỌ́ NÍNÚ SÌGÁ: KÍ NI ÀWỌN TÍ WỌ́N TI BỌ́ LỌ́WỌ́ RẸ̀ ṢE?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi èémí sínú ènìyàn tí kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìgbéǹde.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ nínú oṣù yìí kò ṣàjèjì sí wa. Kò sí ọ̀dọ́ kan nínú ẹgbẹ́ wa tí kò tíì gbọ́ pé sìgá kò dára. Ẹni tí ń mu ún gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n kọ ọ́ sára páálí tí ó ń rà. Bí a bá wá lo gbogbo ojú ewé yìí láti máa tún un sọ pé sìgá burú, omi ni a kàn ń gbé lọ sódò. Ọ̀nà àbáyọ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ń wá. Wọ́n ti pinnu lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti pinnu lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì tún padà sí i. Ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró ní sáfù iwájú mọ́ nítorí òórùn ẹnu wọn. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dúró sẹ́yìn; nígbà tí ó tún pẹ́ díẹ̀, a kò rí wọn ní mọsálásí mọ́. Ohun tí ó ń bani nínú jẹ́ jù nìyí. Sìgá ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ṣùgbọ́n sísọ ìrètí nù tí ó ń tẹ̀lé e lè yọ ènìyàn kúrò láàárín ìjọ pátápátá.

Nítorí náà ni a fi rò pé ó yẹ kí a béèrè ìbéèrè mìíràn. Àwọn tí wọ́n ti mu sìgá rí, tí wọ́n sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Àwọn onímọ̀ ti bi wọ́n léèrè, wọ́n sì ti kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé ìdáhùn náà yẹ̀ wò pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ Àlùkùránì àti Súnnà.

ÌDÁJỌ́ Ẹ̀SÌN LÓRÍ SÌGÁ

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a fi ìpìlẹ̀ múlẹ̀. Ní ayé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), kò sí tábà nílẹ̀ Lárúbáwá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, ó sì ti tó bí ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn Híjírà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí. Nígbà tí ó dé, àwọn àlùfáà àgbà kò fi ohùn kan sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan pè é ní harámù, àwọn kan pè é ní makurúù, àwọn mìíràn sì gbà á láàyè, nítorí pé ìpalára rẹ̀ kò tíì hàn kedere sí wọn.

Lónìí, aṣọ ti kúrò lójú eégún. Ní ọdún 1951, Richard Doll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí tọpa àwọn dókítà ọkùnrin tí wọ́n ju 34,000 lọ, láti mọ ẹni tí ń mu sìgá nínú wọn àti ẹni tí kì í mu ún, àti ohun tí ó pa kálukú wọn. 50 ọdún ni wọ́n fi tọpa wọn. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2004, ó hàn pé àwọn tí wọ́n mu sìgá títí ọjọ́ ayé wọn fi nǹkan bí ọdún 10 kúrú sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò mu ún rí, àti pé ó kéré tán, ìdajì nínú wọn ni sìgá pa. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sì sọ pé ẹ̀mí tí tábà ń pa lọ́dọọdún ní gbogbo ayé ju mílíọ̀nù 7 lọ, tí àwọn kan nínú wọn kì í mu sìgá, èéfín ẹlòmíràn ni wọ́n fà símú.

Ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́hun ti sọ. Nínú Súrà Baqara, àáyà 195, Ó kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Nínú Súrà Nísáì, àáyà 29, Ó kọ̀ fún wa láti pa ara wa, Ó sì rán wa létí pé aláàánú ni Òun jẹ́ sí wa. Nínú Súrà Ááráfù, àáyà 157, Ó sọ ọ́ di iṣẹ́ Ànábì láti ṣe ohun tí ó dára ní ẹ̀tọ́ fún wa, kí ó sì ṣe ohun tí kò dára ní èèwọ̀. Nínú Súrà Ísíráì, àáyà 26 àti 27, Ó ka àwọn tí ń ná owó ní ìnákúnàá mọ́ ọmọ ìyá Ṣàítáánì. Ànábì náà sì kọ́ wa nínú hádíìsì tí Ibn Majah gbà wá pé kò sí ṣíṣe ara ẹni léṣe nínú ẹ̀sìn yìí, kò sì sí ṣíṣe ẹlòmíràn léṣe. Sìgá kó méjèèjì pọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlùfáà òde òní fi sọ pé harámù ni, a kò sì ní ìdí láti yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn.

KÍ NI ÌWÁDÌÍ SỌ?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọdún 2012, Nàìjíríà parí ìwádìí ńlá kan tí WHO lọ́wọ́ sí, nípa lílo tábà láàárín àwọn tí wọ́n ti pé ọdún 15 sókè. Nínú 100 ènìyàn, 5.6 ni wọ́n rí tí ó ń lo tábà, ìbáà ṣe sìgá tàbí aṣáà. Láàárín àwọn ọkùnrin, 10 nínú 100 ni. Láàárín àwọn obìnrin, 1.1 péré ni.

Ẹ̀kọ́ wà nínú ìyẹn fún ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin. Ohun tí Ṣàítáánì máa ń sọ sí ọmọ ọdún 16 létí ni pé gbogbo ọkùnrin ní í mu sìgá, ẹni tí kò bá mu ún kò tíì dàgbà. Irọ́ ni. Nínú ọkùnrin 100 ní Nàìjíríà, 90 ni kì í lo tábà rárá. Ẹni tí ń mu ún ni ó yà sọ́tọ̀, ẹni tí kì í mu ún ni ó wà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èrò.

Ní ti ọ̀nà tí àwọn ènìyàn gbà jáwọ́, ẹ jẹ́ kí a lọ sí òkè òkun, níbi tí wọ́n ti béèrè dáadáa. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2013, ilé iṣẹ́ ìwádìí Gallup bi àwọn tí wọ́n ti mu sìgá rí pé kí ni ó ràn wọ́n lọ́wọ́ jù láti jáwọ́. 48 nínú 100 ni ó sọ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni àwọn sọ ọ́ nù, àwọn kò sì padà sí i mọ́. Àwọn tí wọ́n gbé oríyìn fún oògùn, ìbáà ṣe àlẹ̀mọ́ tí a ń lẹ̀ mọ́ ara, ṣingọ́ọ̀mù tàbí oògùn dókítà, kò ju 8 lọ nínú 100. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2010, Simon Chapman àti Ross MacKenzie ní Ọsirélíà ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé láàárín àwọn tí wọ́n ti jáwọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò lo oògùn tàbí ìrànlọ́wọ́ kankan.

Ó yẹ kí èyí fún ọ̀pọ̀ ọkàn ní okun. Bí ẹnì kan ní Ìdànrè bá ń sọ pé, "Èmi kò rí owó ra oògùn òyìnbó, báwo ni n ó ṣe jáwọ́?", kí ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó gan-an kò fi oògùn jáwọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a ka ìwádìí náà ní àkàgbé. Bí a bá dúró lẹ́nu ọjà Àkúrẹ́, tí a ń bi àwọn ará Ìdànrè tí wọ́n wá nájà pé kí ni wọ́n wọ̀ wá, ohun tí ọ̀pọ̀ bá wọ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò dárúkọ. Ìyẹn kò fi hàn pé ọkọ̀ náà ni ó dára jù. Ó kàn fi hàn pé òun ni ó wà ní àrọ́wọ́tó. Èkejì, àwọn tí wọ́n dé ọjà nìkan ni a bi; àwọn tí ọkọ̀ wọn bàjẹ́ sójú ọ̀nà kò sí níbẹ̀ láti dáhùn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ sìgá. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n tẹ̀lé àwọn ènìyàn láti ọjọ́ tí wọ́n pinnu rí i pé nínú 100 tí ó dá gbìyànjú láìsí ìrànlọ́wọ́, nǹkan bí 3 sí 5 ni ó ṣì dúró lẹ́yìn oṣù 6 sí ọdún kan nínú ìgbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan. Báwo ni àwọn tí wọ́n dá jáwọ́ ṣe wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé wọn kò dúró lórí ìgbìyànjú kan. Wọ́n ṣubú, wọ́n dìde, wọ́n tún gbìyànjú.

LẸ́Ẹ̀KAN NÁÀ TÀBÍ DÍẸ̀DÍẸ̀?

Ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ máa ń béèrè ni pé ṣé kí àwọn máa dín in kù ni, tàbí kí àwọn sọ ọ́ nù lọ́jọ́ kan. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ní Oxford gbé àbájáde ìdánwò kan jáde lórí ènìyàn 697. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan jáwọ́ lójijì ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Àwọn kejì fi ọ̀sẹ̀ méjì dín in kù kí wọ́n tó jáwọ́. Gbogbo wọn ni wọ́n fún ní oògùn àti ìmọ̀ràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, 49 nínú 100 àwọn tí ó jáwọ́ lójijì ni kò tíì padà sí i. Nínú àwọn tí ó dín in kù, 39 ni. Lẹ́yìn oṣù 6, ó di 22 sí nǹkan bí 15.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí a wo ọjọ́ tí wọ́n da ọtí nù ní Mẹ̀dínà. Àwa Mùsùlùmí mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́ ni Ọlọ́hun sọ òfin ọtí kalẹ̀. Ó kọ́kọ́ sọ nínú Súrà Baqara, àáyà 219, pé ẹ̀ṣẹ̀ inú rẹ̀ tóbi ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, nínú Súrà Nísáì, àáyà 43, Ó kọ̀ fún wọn láti súnmọ́ ìrun nígbà tí ọtí bá ń pa wọ́n. Nígbà tí ọkàn wọn ti gbó tán, òfin ìkẹyìn sọ̀kalẹ̀ nínú Súrà Máídà, àáyà 90 àti 91.

Anas ọmọ Malik (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ni ó ń bu ọtí fún àwọn àlejò ní ilé Abu Talha lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí Bukhari ti gbà á wá. Ohùn olùkéde dún níta pé a ti ṣe ọtí léèwọ̀. Abu Talha ní kí Anas lọ da gbogbo rẹ̀ nù. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn mu ti inú ife tán. Kò sí ẹni tí ó ní ó di ọ̀la. Ọtí ṣàn ní àwọn òpópónà Mẹ̀dínà bí omi òjò.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí níbẹ̀. Èkíní, a kọ́kọ́ tún ọkàn ṣe kí a tó mú ife kúrò lọ́wọ́. Ẹni tí kò tíì gbà lọ́kàn rẹ̀ pé sìgá burú kò lè pẹ́ kí ó tó padà sí i. Èkejì, nígbà tí ọjọ́ pé, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jáwọ́. Ẹ̀kẹta, gbogbo ilé ni ó dà á nù pọ̀, kò sì sí ife kan tí ó kù nílé aládùúgbò tí yóò máa fa ẹnikẹ́ni lójú.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Bí Ọlọ́hun ti fi ọ̀pọ̀ ọdún mú ọtí kúrò, èmi náà yóò máa dín sìgá kù." A dá a lóhùn pé òfin ni ó sọ̀kalẹ̀ ní ìpele-ìpele, ìgbọràn àwọn Sàhábà kò fi falẹ̀ nígbà tí òfin pé. Bí ó bá jẹ́ pé dídín in kù ni ọ̀nà tí agbára rẹ ká, a kò ní kí o má ṣe é, nítorí a rí i pé àwọn kan gba ibẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n dá ọjọ́ tí yóò parí. Dídínkù tí kò ní ọjọ́ ìparí, ẹ̀tàn ọkàn ni.

BÍ ẸSẸ̀ BÁ YỌ̀ ŃKỌ́?

Ní ọdún 2016 kan náà, àwọn onímọ̀ ní Kánádà ṣe ìṣirò iye ìgbà tí ẹni tí ń mu sìgá lè gbìyànjú kí ó tó jáwọ́ pátápátá. Wọ́n ní fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó lè tó ìgbà 30 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí èyí má ṣe bà ọ́ lẹ́rù. Ìwọ tí o ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí o rò pé o ti kùnà, o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹni tí ó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí mọ̀ pé àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ ni ó wà níbẹ̀, ibi ìsinmi márùn-ún sì ni wọ́n ṣe sójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó ń bú ẹni tí ó jókòó síbi ìsinmi pé kò gun òkè. Ẹni tí ó bá tì sí ibi ìsinmi kejì tí ó yíjú padà sí ìsàlẹ̀ ni kò dé òkè. Àwọn àgbà náà sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbàlagbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Wo ẹ̀yìn! Ibo ni o wà nígbà tí o tún mu ún? Ta ni ó nà án sí ọ? Ṣé ìbínú ni, àbí ebi, àbí àìríṣẹ́ṣe? Ohun tí ó gbé ọ ṣubú lánàá ni kí o kọ́kọ́ yà fún lọ́la.

Ọkùnrin kan wà ní ayé Ànábì tí wọ́n máa ń mú wá sọ́dọ̀ rẹ̀ léraléra nítorí ọtí mímu, tí wọ́n sì ń nà án. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan ṣẹ́ èpè lé e pé ìgbà wo ni wọn yóò tó mú un wá mọ! Ànábì kọ̀ fún un láti ṣépè, ó sì jẹ́rìí pé ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Inú Bukhari ni èyí wà. Ẹ ò rí i pé wọ́n kò pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní ohun kékeré, nítorí wọ́n nà án. Síbẹ̀ wọn kò lé e kúrò nínú ìfẹ́ Ọlọ́hun. Nínú Súrà Súmárì, àáyà 53, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ pe àwọn tí wọ́n ti ṣe àṣejù sí ara wọn ní ẹrú Òun, Ó sì ní kí wọ́n má ṣe sọ ìrètí nù nínú àánú Òun.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÍ Ó FẸ́ JÁWỌ́

1. Ṣe àníyàn nítorí Ọlọ́hun, kí o sì dá ọjọ́. Oṣù Ràmàdáànì jẹ́ àǹfààní ńlá. Ẹni tí ó gbààwẹ̀ ti fi ju wákàtí 13 lọ lóòjọ́ wà láìmu sìgá, láti sààrì títí di ìṣínu. Ara rẹ ti jẹ́rìí pé o lè ṣe é. Ìba wákàtí tí ó wà láàárín ìṣínu àti sààrì ni ó kù tí o ní láti bá jà. Ṣùgbọ́n má fi dídúró de Ràmàdáànì ṣe àwáwí, nítorí ẹni kan kò mọ̀ bí yóò bá a láyé.

2. Sọ gbogbo rẹ̀ nù bí wọ́n ti da ọtí nù. Páálí tí ó kù, láítà, abọ́ eérú, má fi ẹyọ kan pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí pé bóyá ara yóò ni ọ́.

3. Mọ ọ̀tá rẹ. Nikotíìnì ni ohun tí ó wà nínú tábà tí ó ń de ènìyàn mọ́lẹ̀. Bí o bá jáwọ́, orí lè máa fọ́ ọ, inú lè máa bí ọ, oorun lè dá lójú rẹ. Ọ̀sẹ̀ kìíní ni ó máa ń le jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, yóò ti rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òùngbẹ sìgá kì í sábà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá dé, dìde, mu omi, ṣe àlùwàlá, kí o sì ki ọ̀pá ìrun méjì. Fi orín sẹ́nu. Súnnà ni orín jẹ́ fún wa, ẹnu tí orín bá sì wà kò ráyè sìgá.

4. Yí ẹgbẹ́ padà. Ànábì fi ọ̀rẹ́ rere wé ẹni tí ń ta òróró olóòórùn dídùn, ó sì fi ọ̀rẹ́ búburú wé ẹni tí ń fín ẹwìrì: bí kò bá jó aṣọ rẹ, òórùn rẹ̀ yóò bá ọ. Yoruba náà sọ pé àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ọkùnrin tí ó pa ènìyàn 100, tí ó fẹ́ ronú pìwà dà, ohun tí àlùfáà sọ fún un ni pé kí ó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ìlú àwọn ẹni rere. A kò ní kí o fi Ìdànrè sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ gáréèjì, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, tàbí ìdí iná lábà lẹ́yìn iṣẹ́ kòkó ni wọ́n ti ń nà án sí ọ, má jókòó síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

5. Sọ fún ẹnì kan. Wá ọmọ ìyá kan nínú ẹ̀sìn tí kì í tú àṣírí, kí o sì ní kí ó máa bi ọ́ léèrè lójoojúmọ́.

6. Má kọ oògùn. Bí ọ̀pọ̀ ti jáwọ́ láìlo oògùn kò sọ pé oògùn kò wúlò. Ìwádìí fi hàn pé ṣingọ́ọ̀mù àti àlẹ̀mọ́ tí ó ní nikotíìnì máa ń fi bí ìdajì kún àǹfààní tí ènìyàn ní láti jáwọ́. Ànábì ní kí a máa wá ìwòsàn, nítorí náà kò sí àìgbáralé Ọlọ́hun nínú rẹ̀. Lọ bá dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí olóògùn tí ó kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún ṣíṣà. Èéfín tábà ni òun náà, bí ó tilẹ̀ ń ta sánsán bí èso. Ẹni tí ó jáde nínú kòtò kan kò gbọdọ̀ já sí òmíràn.

7. Ka owó rẹ. Mú iye tí o ń fi ra sìgá lóòjọ́, fi 365 sọ ọ́ di púpọ̀, kí o wo ohun tí ó jẹ́ lọ́dún. Wá àpótí kan, kí o máa ju owó náà sí i. Fi díẹ̀ ṣe sàráà, kí o fi ìyókù san owó ilé ìwé ọmọ tàbí ra ìwé fún ara rẹ. Rántí hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá pé a óò bi ẹrú léèrè ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ nípa ọ̀nà tí ó gbà rí owó rẹ̀, àti ohun tí ó ná an lé lórí.

ÀWA TÍ A KÌ Í MU SÌGÁ ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ìlú olókùúta àti olókòkó ni Ìdànrè. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé a kì í gbin irúgbìn kòkó sínú oòrùn gbígbóná kí a sì retí pé kí ó yè. A máa ń wá ibòòji fún un títí yóò fi ta gbòǹgbò. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú sìgá dàbí irúgbìn náà. Ẹ̀fẹ̀ tí a ń fi í ṣe ní ẹnu ọ̀nà mọsálásí, oòrùn ni. Òótọ́ ni pé Ànábì ní kí ẹni tí ó jẹ áyù tàbí àlùbọ́sà má bọ̀ sí mọsálásí títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kọ́ ènìyàn pé kí ó fọ ẹnu, kí ó pààrọ̀ aṣọ, kí ó sì wọlé. Kí a má fi ṣe pàṣán tí a óò fi lé e lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe rán ọmọ ní sìgá, ẹ má sì ní kí ó bá yín ṣáná sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìsọ̀, òfin tábà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 kọ̀ kí a ta sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ó sì kọ̀ kí a máa tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Òfin Ọlọ́hun sì ṣáájú rẹ̀: nínú Súrà Máídà, àáyà 2, Ó kọ̀ fún wa láti ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀. Èrè tí Mùsùlùmí rí lórí sìgá tí ó tà fún ọmọ ọmọlọ́mọ, kí ni yóò fi í ṣe?

KÒ TÍÌ PẸ́ JÙ

Ìwọ tí o rò pé ó ti pẹ́ jù fún ọ, gbọ́ bí Ọlọ́hun ti ṣe ara yìí. Láàárín 20 ìṣẹ́jú sí ìgbà tí o mu èyí tí ó kẹ́yìn, bí ọkàn rẹ ti ń sáré yóò bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀. Láàárín wákàtí 12, èéfín olóró tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ yóò ti wálẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ewu àrùn ọkàn yóò ti dín sí nǹkan bí ìdajì ti ẹni tí ń mu sìgá lọ. Lẹ́yìn ọdún 10, ewu kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa ọ́ yóò ti dín tó ìdajì. Ìwádìí Richard Doll tí a mẹ́nu bà lókè fi hàn pé ẹni tí ó jáwọ́ ní ọdún 30 gba nǹkan bí ọdún 10 padà; ní ọdún 40, ọdún 9; ní ọdún 50, ọdún 6; ní ọdún 60 pàápàá, ọdún 3. Ọlọ́hun ni ó ni ẹ̀mí, Òun ni ó sì mọ gbèdéke. Ṣùgbọ́n Òun náà ni ó ṣe ọ̀nà, Ó sì ní kí a tọ̀ ọ́.

Nínú Súrà Ráádù, àáyà 11, Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ̀ pé Òun kì í yí ipò ìjọ kan padà títí àwọn fúnra wọn yóò fi yí ohun tí ó wà nínú wọn padà. Ìgbésẹ̀ kìíní wà lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá ti gbé e, àánú Rẹ̀ yóò pàdé rẹ lọ́nà.

Ọlọ́hun Ọba, ẹ bá wa tú ìdè lára gbogbo ọmọ ìyá wa tí sìgá ti dè mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣubú nínú wọn, ẹ fà á dìde. Ẹni tí ó ti sá kúrò ní mọsálásí nítorí ìtìjú, ẹ mú un padà wá bá wa ní sáfù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnu wa àti ìwà wa di ohun tí yóò lé ẹnikẹ́ni jìnnà sí Yín. Ẹ jẹ́ kí a fi èémí tí Ẹ fún wa máa rántí Yín títí tí yóò fi dópin. Àmín, nítorí ọlá Ànábì Muhammad, ẹni ìkẹ́ àti ọlà.